Ilé Amọ̀ Gba Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wọlé, Ilé Tuntun Dá A Padà

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, Ẹ̀gbọ́n. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Ìlọrin. Ọmọ mi kọ́ ilé sí Tánkẹ̀, ó sì kó mi lọ síbẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ilé náà dára púpọ̀: páànù alumíníọ̀mù gígùn ló wà lórí rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì aláwọ̀ búlúù tó ń dán bíi dígí, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì jẹ́ irin. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ yàrá báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Àwọn oníbàárà mi á ní mo ti pa fóònù. Bẹ́ẹ̀ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn àdúgbò wa, mo ń rí i láti àgbàlá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo bá lọ sí ilé bàbá mi ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́, tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, mo lè dùbúlẹ̀ sí yàrá inú lọ́hùn-ún kí n máa bá ará Èkó sọ̀rọ̀. Bíríkìlà wa ní irin inú kọnkéré ló ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì mu. Ẹnìkan ní kí n ra ẹ̀rọ tó ń fi kún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọmọ mi ní fóònù mi ló ti gbó. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

Ìdáhùn: Àlùhájà, ẹ kú ilé tuntun. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ nínú rẹ̀, á sì san án fún ọmọ tó kọ́ ọ. Bí ìbéèrè yín bá yé mi, ọ̀rọ̀ ìpè tó ń já nìkan kọ́ ló ń dùn yín. Ohun tó rú yín lójú ni pé ògiri tó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, nígbà tí gíláàsì tí kò nípọn tó ìka ọmọdé dá a dúró. Lójú gbogbo wa, ohun tó bá nípọn ló yẹ kó dí ọ̀nà. Ìrònú yìí gan-an ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ tú palẹ̀ kí n tó dé orí ohun tí ẹ lè ṣe. Nínú àwọn mẹ́ta tó gbà yín nímọ̀ràn, bíríkìlà ló sún mọ́ òótọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó mú kì í ṣe ọ̀daràn náà gan-an. Ti fóònù kò le rárá: fóònù kan náà tó ṣiṣẹ́ ní yàrá inú ní Àjàṣẹ́-Ìpo ni ẹ gbé wá sí Tánkẹ̀, kò sì lè gbó lójú ọ̀nà, kí ó tún di ọ̀tun nígbà tí ẹ bá padà sílé bàbá yín.

Ohun tó ń ti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá sí ọ̀dọ̀ yín ni ìgbì rédíò, ìbátan ìmọ́lẹ̀ sì ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ooru tó ń ti ara ẹyín iná jáde, rédíò Harmony FM tó ń sọ̀rọ̀ láti Ìdófìàn lórí 103.5, àti ìpè orí fóònù, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn: agbára iná àti agbára òòfà tó so kọ́ra, tó ń mì bí wọ́n ti ń sáré lọ. Gígùn wọn ló yàtọ̀. Ìgbì Harmony FM kan gùn tó nǹkan bíi mítà 3. Ìgbì fóònù lórí 900 mẹ́gáháàtì, ìyẹn èyí tó ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 900 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gùn tó sẹ̀ǹtímítà 33, bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Lórí 2,600 mẹ́gáháàtì, kò ju sẹ̀ǹtímítà 11 àti ààbọ̀ lọ. Ti ìmọ́lẹ̀ kéré débi pé nǹkan bí 2,000 nínú wọn ni yóò tò tẹ̀lé ara wọn nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Ẹ fi ọ̀rọ̀ gígùn yìí sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, okùn kànga àgbàlá wa já, bàbá mi sì fi okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ìyókù okùn tó nípọn. Àwa ọmọdé a máa na okùn náà gbọọrọ sílẹ̀, ẹnìkan á di orí tó tẹ́ẹ́rẹ́ mú, á sì jù ú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbì kékeré kan á sáré lọ lára okùn títí dé ojú ìsokọ́. Níbẹ̀ ni yóò ti pín sí méjì: apá kan á kọjá sínú okùn tó nípọn, á sì máa wọ́ lọ jẹ́jẹ́, apá kejì á yí padà sọ́dọ̀ wa, ní ìdoríkodò. Bí a bá wá so orí kejì mọ́ igi, gbogbo rẹ̀ ni í padà. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohunkóhun tó dúró sójú ọ̀nà tó ń lé ìgbì yìí. Ibi tí okùn kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ọ̀ràn wà, nítorí pé ojú ìsokọ́ kan ṣoṣo ló wà, kò sì lè wà lókè fún okùn kan kí ó wà nílẹ̀ fún ìkejì. Kí okùn méjèèjì tó lè fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ìsokọ́ yóò wà, apá kan nínú ìgbì ní láti padà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún ìgbì rédíò àti fún ìmọ́lẹ̀ ní ojú ààlà tí afẹ́fẹ́ ti pàdé gíláàsì, amọ̀, omi tàbí irin. Agbára iná tó lọ gbọọrọ bá ojú ààlà gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ìhà méjèèjì, kí ìyẹn sì tó lè rí bẹ́ẹ̀, ìgbì tó dé á pín: apá kan wọlé, apá kan padà. Iye ìgbà tó ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kì í yí padà. Ìyára rẹ̀ ló ń dín kù, gígùn rẹ̀ á sì súnkì. Bí ó bá wọlé ní ìdagun, ọ̀nà rẹ̀ á tẹ̀. Òun ló mú kí igi tí a kì bọ omi dà bí èyí tó ṣẹ́, òun náà ló sì mú kí ẹni tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja lódò Asà máa fojú sun ìsàlẹ̀ ibi tí ó ti rí ẹja. Àwa ará Ìlọrin tí a ń fi ìmọ̀ Lárúbáwá yangàn lè fi èyí kún tiwa: onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ibn Sahl ti kọ òfin títẹ̀ yìí sílẹ̀ ní Bàgídáàdì ní nǹkan bí ọdún 984, ó lé ní 600 ọdún kí onímọ̀ mìíràn, Snell, tó tún un rí ní ilẹ̀ Netherlands ní 1621. Orúkọ Snell ni wọ́n sì ń fi pe òfin náà ní ilé ìwé títí dòní.

Èló ló ń padà, èló ló ń wọlé? Bí ohun méjèèjì bá ṣe jọra tó lójú ìgbì náà ni èyí tó ń padà yóò ṣe kéré tó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọ lu gíláàsì lásán tààrà, nǹkan bí 4 nínú 100 ló ń padà ní ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Bí ìgbì rédíò bá kan ògiri amọ̀ gbígbẹ, níbi tí ìyára rẹ̀ kò ti jìnnà sí ìdajì ti inú afẹ́fẹ́, nǹkan bí 11 nínú 100 ló ń padà, 89 á sì wọlé. Nísinsìnyí, ẹ wo omi. Ìmọ́lẹ̀ tó kan ojú omi kì í pàdánù ju 2 nínú 100 lọ, òun ni a fi ń rí ìsàlẹ̀ garawa. Ṣùgbọ́n ìgbì fóònù tó kan omi kan náà, 64 nínú 100 ló ń padà, nítorí pé inú omi ń dín ìyára ìgbì rédíò kù sí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Omi kan náà ni, ojú kan náà ni, ìgbì ló yàtọ̀. Nítorí náà, pé a rí òdìkejì nǹkan kò fi hàn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà rí i. Ojú wa kì í ṣe adájọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí ìgbì bá ti wọlé tán ni ìnípọn tó ń ṣiṣẹ́: ohun tó wọ̀ sí lè máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń rìn. Amọ̀ gbígbẹ kì í mu púpọ̀. Amọ̀ tó rin ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì lè kíyè sí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yàrá inú ní Àjàṣẹ́-Ìpo kò ní mú ná ní oṣù kẹsàn-án, tí òjò bá ti ń na ògiri, bí ó ti máa ń mú ná nígbà ọyẹ́.

Ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí yà lẹ́nu. Heinrich Hertz, ará Jámánì tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìgbì rédíò, ṣe àyẹ̀wò yìí gan-an ní 1888 ní ìlú Karlsruhe. Ó gbé páànù síńkì ńlá dúró, ìgbì padà. Ó fi ọ̀dà dúdú mọ ohun onígun mẹ́ta kan tó wúwo ju 500 kílò lọ, ìgbì gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀nà rẹ̀ sì tẹ̀ bí ti ìmọ́lẹ̀ nínú gíláàsì. Lẹ́yìn náà ó pa ilẹ̀kùn onígi dé, ó sì ń rí iná kékeré tó ń ta pàrà nínú yàrá tó wà ní títì. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyàlẹ́nu ni.

Irin ló wá ba ìrònú ìnípọn jẹ́ pátápátá. Nínú irin, alumíníọ̀mù, bàbà àti fàdákà, àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn èérún kéékèèké tó ń gbé iná rìn, wà tí kò so mọ́ ojú kan, tí wọ́n ń rìn fàlàlà. Bí agbára iná inú ìgbì bá ti kàn wọ́n báyìí, wọn á sáré sí ìhà tí yóò pa agbára náà rẹ́, ìsáré wọn náà á sì dá ìgbì tuntun tó ń lọ sẹ́yìn. Ìgbì tí a ń sọ pé irin dá padà, irin ló tún un dá. Ìgbì 900 mẹ́gáháàtì tó bá fẹ́ wọ inú alumíníọ̀mù kò ní rìn ju ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ kí agbára iná rẹ̀ tó wálẹ̀ sí nǹkan bí 37 nínú 100. Bí ó bá tún rìn bẹ́ẹ̀, á tún wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Páànù 0.55 mìlímítà nípọn tó nǹkan bí 200 irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí páànù 0.45 àti 0.7 fi jẹ́ ọ̀kan náà lójú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lójú ìjì àti lójú ẹni tó ń sanwó.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i nílé ìdáná. Ẹ ra ìkòkò amọ̀ kékeré kan lọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, kí ẹ gbé fóònù sínú rẹ̀, kí ẹ fi ọmọrí amọ̀ dé e, kí ẹ wá fi fóònù mìíràn pè é. Yóò dún. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fọ́ìlì tí ẹ fi ń se mọ́ínmọ́ín, èyí tí èémí ẹnu lè fẹ́ lọ, kí ẹ fi wé fóònù kan náà ní ìlọ́po méjì, kí ẹ sì tẹ gbogbo etí rẹ̀ pa dáadáa. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ pè é. Obìnrin inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa dá yín lóhùn pé ẹni tí ẹ ń pè kò sí nítòsí. Mo máa ń ṣe èyí fún àwọn ọmọ ilé ìwé, mo sì máa ń gbádùn rẹ̀, títí di ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan ní kí n lo ìkòkò alumíníọ̀mù ìyá òun dípò fọ́ìlì. Mo gbé fóònù sí i, mo dé e, mo dúró bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, ó sì dún kíkankíkan nínú ìkòkò náà. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dọ́jọ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọrí náà ti wọ́ díẹ̀, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín òun àti ẹnu ìkòkò. Àlàfo bẹ́ẹ̀ lè tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Bí ó bá ti gùn tó ìdajì ìgbì, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lórí 900 mẹ́gáháàtì, ìgbì á rí ọ̀nà gbà. Gígùn àlàfo ló ń ṣe é, kì í ṣe ìbú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìkòkò yìí tí a bá dé orí fèrèsé.

Wàyí o, ẹ lè bi mí pé: ṣé páànù kò sí lórí ilé bàbá yín ni? Ó wà. Páànù tó ti dípẹtà náà irin ni, ó sì ń dá ìgbì padà bí ti alumíníọ̀mù tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé láti ojú ọ̀run ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń bọ̀, ilé méjèèjì ì bá jọ ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kò sí lókè orí. Inú ògiri, ojú fèrèsé onígi, ẹnu ọ̀nà àti àlàfo abẹ́ páànù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà wọ ilé alámọ̀, òrùlé kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ ká páànù yín. Mo sì ń fi èyí kún un fún àwọn tó ń kọ́lé lọ́wọ́: òrùlé tó ní wóró òkúta lójú, tí àwọn kan rò pé òkúta ni, irin ló wà lábẹ́ wóró náà.

Gíláàsì búlúù yín ni mo fura sí jù. Gíláàsì lásán kì í ṣe ọ̀tá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì tí wọ́n po àwọ̀ mọ́ látinú kì í ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tó ń dán bíi dígí ni wọ́n sábà máa ń fi irin bò lójú, irin tó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ṣì ń rí àyè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ mi lórí páànù dáadáa yóò dá mi dúró níbí, ó sì tọ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀: bí irin yìí bá fẹ́lẹ́ ju ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ fíìfíì, ṣé kò yẹ kí ìgbì rédíò gba inú rẹ̀ kọjá ni? Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìpele tó fẹ́lẹ́ báyìí, ohun tí a ń wò ni bí iná ṣe lè sáré lójú rẹ̀ sí. Óòmù ni a fi ń wọn ìdènà iná, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ sì ní ìwọ̀n tirẹ̀ lójú ìgbì, óòmù 377. Bí ìdènà ojú irin fẹ́lẹ́ náà bá kéré gan-an sí èyí, iná á sáré níbẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ìgbì á sì padà. Mo ṣírò rẹ̀ fún ojú irin tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 5: nínú agbára tó dé ibẹ̀, ìdá kan nínú 1,500 ló máa wọlé. Ohun tó ń bọ̀ láti orí òpó pẹ̀lú okun yóò wá dé etí ibùsùn yín bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti Ọ̀fà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tó wà lójú fèrèsé yín, ẹ dúró sí ìta ní ọ̀sán gangan. Bí ẹ bá rí ojú ara yín àti igi àgbàlá kedere nínú rẹ̀, tí ẹni tó wà nínú sì ń rí yín láìsí wàhálà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n bò ó. Ọ̀rá dúdú tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé nítorí oòrùn lè ní irin nínú bákan náà. Ṣùgbọ́n ìbòrí kì í ṣe oríṣi kan, ẹlòmíràn kì í dí ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìdánwò tí mo máa sọ nísàlẹ̀ ni kí ẹ gbára lé, kì í ṣe ojú.

Ohun kejì tí mo fura sí ni ẹ kò dárúkọ: nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ti fi ojú mi rí màbo. Lọ́dún tí mo tún ilé tèmi ṣe, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan jà lórí fóònù pé wọ́n ti ba òpó wọn jẹ́. Ọmọbìnrin tó ń dá mi lóhùn ní sùúrù, ó ní òpó náà kò ní àléébù, mo sì rò pé irọ́ ni. Lọ́jọ́ kan ni káfíńtà wá yọ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé kan láti tún un kàn, fóònù mi tó wà lórí tábìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún pẹ̀lú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti há síta láti àná. Wáyà alumíníọ̀mù ni nẹ́ẹ̀tì náà. Ihò rẹ̀ kò tó mìlímítà 2, ìgbì tó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 33 kò mọ irú ihò bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí páànù. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ máíkíróweéfù ń lo ọgbọ́n yìí: ẹ ń rí oúnjẹ láti inú àwọn ihò kéékèèké ojú rẹ̀ nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kúrú, ìgbì tó ń se oúnjẹ náà kò sì lè jáde nítorí pé ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Mo fi nẹ́ẹ̀tì ọ̀rá rọ́pò tèmi. N kò pe ọmọbìnrin náà padà láti bẹ̀ ẹ́, ó sì yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bíríkìlà wá kù. Irin inú kọnkéré ń dá díẹ̀ padà lóòótọ́, kọnkéré tó ṣì tutù sì ń mu díẹ̀, àgàgà nínú ilé tí kò tíì pé ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pá irin inú òpó ilé àti bíìmù jìnnà síra wọn, ògiri tó kù sì jẹ́ búlọ́ọ̀kù tó ṣófo nínú, èyí tí kì í gba ju díẹ̀ lọ lọ́wọ́ ìgbì. Irin ojú fèrèsé tó ń dènà olè wà láàárín: àlàfo rẹ̀ sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, èyí tó sún mọ́ ìdajì ìgbì 900 mẹ́gáháàtì, nítorí náà ó ń dín ìgbì náà kù, kò sì dí i pa. Ilẹ̀kùn irin ń dí i pa, àmọ́ ẹ kì í ti ilẹ̀kùn tọ̀sán-tòru. Ẹ dá bíríkìlà láre díẹ̀. Ó mọ̀ pé irin ni, ibi tí irin náà wà ló ṣì mú.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣe ìdánwò yìí, kí ọmọ yín bá yín ṣe é. Nínú fóònù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ètò rẹ̀, lábẹ́ ọ̀rọ̀ nípa fóònù àti ipò SIM, ẹ óò rí nọ́mbà kan tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, bíi -85 dBm. Bí nọ́mbà náà bá ti sún mọ́ òdo tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe dára tó. Bí ó bá ti kọjá -110, ìpè á máa já. Bí ó bá fi 10 jìnnà sí i, agbára ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn. Bí ó bá fi 20, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kọ nọ́mbà tí ẹ rí ní àgbàlá sílẹ̀. Ẹ kọ ti inú yàrá, ní ìdúró kan náà, nígbà tí fèrèsé tó kọjú sí òpó wà ní pípadé. Ẹ kọ ti ìgbà tí ẹ ṣí gíláàsì ṣùgbọ́n tí nẹ́ẹ̀tì ṣì wà. Ẹ wá kọ ti ìgbà tí ẹ ká nẹ́ẹ̀tì náà kúrò. Ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ẹ máa sún fóònù ní ìwọ̀n ìka-ọwọ́ kan láàárín ìgbà méjì, nítorí pé ìgbì tó wọ yàrá ń ta mọ́ ògiri, ó ń padà pàdé ara rẹ̀, ibì kan á lágbára, ibòmíràn tí kò jìnnà sí i á kú. Ìyẹn ló fà á tí fóònù fi ń mú lórí fìríìjì tí kì í sì í mú lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí nọ́mbà bá fò sókè nígbà tí ẹ ká nẹ́ẹ̀tì, nẹ́ẹ̀tì ọ̀rá ni oògùn yín, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí ẹ ṣí gíláàsì ni ó fò, ẹ kò ní láti yọ gbogbo fèrèsé ilé. Ẹ pààrọ̀ gíláàsì fèrèsé kan ṣoṣo, èyí tó kọjú sí òpó, sí gíláàsì lásán. Fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 4 fẹ̀ ju ìgbì fóònù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé, ó sì tó láti fún yàrá náà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Oòrùn á wọlé díẹ̀ sí i níbẹ̀, ẹ óò fi kọ́tìnnì bò ó. Aṣọ kò dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀yin tí ẹ ń tà á sì ní in lọ́wọ́. Ìpààrọ̀ yìí ni mo fọwọ́ sí jù, bí ọmọ yín kò bá bínú pé fèrèsé kan kò bá ìyókù mu mọ́.

Bí ó bá bínú, ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ fi ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé tó ń lo SIM síbi tí ó ti lè rí òpó, kí ó jẹ́ irú èyí tí a lè fa wáyà eríàlì rẹ̀ jáde síta. Wáyà ló máa gbé ìgbì kọjá gíláàsì, ẹ̀rọ náà á sì tú Wi-Fi sílẹ̀ nínú ilé. Bí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín àti fóònù yín bá gba ìpè lórí Wi-Fi, nọ́mbà yín á máa wọlé bí ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá gbà á, WhatsApp nìkan ni yóò ṣiṣẹ́, kò sì dá mi lójú pé gbogbo oníbàárà Ọjà Ọba ló máa fẹ́ ìyẹn. Ti ẹ̀rọ tó ń fi kún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá tò ó dáadáa: eríàlì kan níta, ẹ̀rọ láàárín, eríàlì kan nínú. Ṣùgbọ́n bí eríàlì méjèèjì bá gbọ́ ohùn ara wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí gbohùngbohùn tí wọ́n gbé sún mọ́ sípíkà rẹ̀, á sì ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò jẹ́ mọ́ ti yín. Àjọ NCC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, ló ń fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lè lò ó, èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà kì í sì í ní ìfọwọ́sí kankan. Ẹ kọ́kọ́ bi ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín.

Mo ní láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ, nítorí pé n kò tíì fẹsẹ̀ kan ilé yín. Bí nọ́mbà àgbàlá fúnra rẹ̀ bá ti kọjá -100, gíláàsì nìkan kọ́ ni ẹjọ́. Ó lè jẹ́ pé òpó tí ẹ ń rí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí ẹ ń lò, tàbí pé ó kọjú sí ìhà mìíràn. Bí nọ́mbà inú yàrá bá dára tí ìpè kò sì wọlé ní ìrọ̀lẹ́ nìkan, èrò ló pọ̀ lórí òpó náà, kò sí gíláàsì tó lè tún ìyẹn ṣe. Bí nọ́mbà kò bá sì yàtọ̀ rárá, yálà ẹ ṣí fèrèsé tàbí ẹ pa á dé, ògiri ni kí a padà sí, kí ẹ sì bi ọmọ yín bóyá wọ́n fi pátákó alumíníọ̀mù bo iwájú ilé. Ẹ kọ nọ́mbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìhà tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Títí di ìgbà náà, ẹ gbé fóònù sí ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó ní alẹ́, kí ẹ ṣí gíláàsì rẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀.